Okùn Iná Tó Wà Lọ́rùn Bàbá Basin

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Basin, nílùú Ìlọrin, tí ẹ sì béèrè ilé Bàbá tó máa ń gbé wáyà kọ́rùn, ọmọdé tó bá wà nítòsí ló máa mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà lè má mọ orúkọ tí wọ́n sọ Bàbá ní Ọ̀mù-Àrán. Ó lè má mọ̀ pé tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ni Bàbá títí wọ́n fi gba pẹ́ńṣàn. Wáyà ọrùn yẹn ló mọ̀. Bàbá àgbà mi nìyẹn, bàbá tó bí ìyá mi. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n lọ, èmi tí mo gbé lọ́dọ̀ wọn ní àwọn ọdún wọn tó kẹ́yìn ni mo jókòó kọ èyí, nítorí pé àwọn tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú wọn yìn wọ́n títí, síbẹ̀ n kò rí Bàbá nínú èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ayùn oníná ni iṣẹ́ wọn lẹ́yìn pẹ́ńṣàn. Ọmọ wọn ọkùnrin, Bùrọ̀dá Dàpọ̀, àbúrò ìyá mi, ló rà á wá fún wọn láti òkè òkun. Kì í ṣe irú èyí tó ń mu bẹntiróò, tí àwọn agégi fi ń wó igi nínú igbó, tí ariwo rẹ̀ ń dé abúlé kejì. Iná mànàmáná ni tiwọn ń lò: wáyà gígùn kan lára rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan níwájú, àti ṣéènì eléyín tó ń yí po irin náà. Bàbá kì í fi wó igi tó dúró. Wọ́n ní igi tó bá ga ju àwọn lọ, kí wọ́n lọ pe oníṣẹ́ rẹ̀. Ìtì igi tí wọ́n bá ti gé wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń là sí pákó, tí wọ́n á wá fi ìfági fá a títí á fi dán. Wọ́n ń ṣe àpótí ìjókòó, wọ́n ń ṣe ọmọ odó. Èyí tí wọ́n ń ṣe jù ni wàláà, pákó tí àwọn ọmọ kéwú ń kọ Kùránì sí. Bẹ́ẹ̀ ni, onígbàgbọ́ láti Ọ̀mù-Àrán ló ń gé wàláà fún ọmọ kéwú. Ẹni tí èyí bá yà lẹ́nu kò tíì gbé Ìlọrin pẹ́.

Ọ̀rọ̀ wáyà ọrùn nìyí. Ẹ mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Á wà, á lọ, á dé, á tún lọ. Bí iná bá lọ nígbà tí Bàbá ń gé igi lọ́wọ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á rìn lọ sídìí ògiri, wọ́n á fa orí wáyà yọ, wọ́n á sì gbé e kọ́ ọrùn ara wọn. Wọ́n lè wá mu omi. Wọ́n lè wá jókòó. Wáyà náà kò ní kúrò lọ́rùn wọn títí wọ́n á fi ṣe tán láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á tú u lára ayùn, wọ́n á gbàgbé pé ó wà lọ́rùn wọn, wọ́n á sì gbé e bẹ́ẹ̀ dé ojú títì láti lọ ra oríṣiríṣi nǹkan. Àfáà Sálíù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

"Bàbá Basin, ẹ ti wá ń gbé tẹ́súbà kọ́rùn báyìí! Wàláhì, ó ku kí ẹ bá wa kírun."

"Àfáà, àdúrà náà ni mò ń gbà," ni Bàbá á wí. "Mò ń bẹ iná kó má bá mi níbi tí n kò ti retí rẹ̀."

Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n á wá sọ èyí tó wà lọ́kàn wọn gan-an: "Iná kò kú o. Ó lọ ni. Ẹni tó kàn lọ kò ní ránṣẹ́ sí ọ kó tó wọlé."

Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì Bàbá kò gùn dópin. Oríkèé ló mọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n sọ fún mi pé eku ló jẹ ẹ́ nítorí pé wọn ò fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé àwọn fi í pamọ́ sí báǹkì ní Post Office, pé bí àwọn bá fẹ́ lò ó, àwọn á lọ gbà á. Àwa méjèèjì gbà wọ́n gbọ́. Mo sì ń fọ ọwọ́ mi dáadáa títí dòní.

Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ ni mo tó gbọ́ òótọ́. Mo ti parí ìwé nígbà náà, mo ti wá iṣẹ́ títí dé Challenge, n kò rí, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá, ìyá àgbà mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìró ayùn lẹ́yìnkùlé, ó sì wù mí. Mo rò pé Bàbá á ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, mo ti to èsì sílẹ̀ lẹ́nu, torí mo lágídí, ara wọn náà ni mo sì ti rí i kọ́. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa àpótí kan fún mi, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wá na ìka kúkúrú yẹn sí mi.

"Àwẹ̀ró," oríkì mi ni wọ́n máa ń pè bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, "eku kọ́ ló jẹ ẹ́. Ìmẹ́lẹ́ ló jẹ ẹ́."

Ayùn náà kì í sáré fúnra rẹ̀. Èèyàn ní láti máa fi ìka tẹ ibi kan ní ìdí rẹ̀ láìdẹwọ́, bí ìka bá sì ti kúrò, á dúró. Ní ọdún tí Bàbá kọ́kọ́ gba ayùn náà, ìka títẹ̀ yìí sú wọn. Wọ́n gé rọ́bà lára túùbù kẹ̀kẹ́, wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ kó máa sáré lọ. Iná lọ. Ayùn dákẹ́. Bàbá rí i pé èèpo igi ti há sínú ṣéènì, wọ́n ní kí àwọn kúkú yọ ọ́ kí iná tó dé. Rọ́bà ṣì wà nídìí ayùn, wáyà ṣì wà lára ògiri, ìka wọn sì wà láàárín eyín ṣéènì. Iná dé.

"Gbogbo àdúgbò hó pé iná ti dé," ni Bàbá wí. "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà ìbá pàtẹ́wọ́, ọwọ́ kò pé mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú mi lọ sídìí ògiri, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. N kò gé igi kankan lọ́jọ́ náà. Kí n fa wáyà yọ, kí n gbé e kọ́rùn, kí n tó fọwọ́ kan ṣéènì. Kí n dá a padà. Kí n tún fà á yọ. Bí mo ṣe fi gbogbo àárọ̀ ṣe nìyẹn. Nígbà tó yá, inú bí mi. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé n kò lóye ni, èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí nílé.

"Orí rẹ ti mọ̀ ọ́n," ni Bàbá wí. "Ọwọ́ rẹ ni mò ń kọ́."

Ìlànà wọn kò lóǹkà, wọn kì í sì í yẹ ẹyọ kan. Bàtà búùtù àti awò iṣẹ́ lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka kékeré la fẹ́ gé. Kò sí ìró, kò sí ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kí wáyà máa wà lẹ́yìn ẹni, kó má ṣe wà níwájú ibi tí ṣéènì ń lọ. Kí á má gbé ayùn kọjá èjìká. Kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí, ìbáà ṣe Àfáà, ìbáà ṣe adìyẹ Màmá. Wọ́n á lé adìyẹ náà tán, wọ́n á tún wo ẹ̀yìn wò bóyá ó ti padà wá.

Ọjọ́ kan, mo ń gé ẹ̀ka kan, n kò wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Imú ayùn kan igi kejì. Ó ta sókè mọ́ mi lọ́wọ́, ó kọjá létí mi. Nítorí pé Bàbá ti kọ́ mi láti máa dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ mi méjèèjì sì dì í mú pinpin, ni kò fi rí ojú mi bá. Mo gbé e kalẹ̀, mo fa wáyà yọ, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá kò pariwo. Wọ́n bu omi fún mi.

"Imú rẹ̀ ni ìbínú rẹ̀ wà," ni wọ́n wí. "Ta ló ń gbé pẹ̀lú onínúfùfù tó ń fọwọ́ kàn án nímú?"

Bàbá lè bá ẹnikẹ́ni jà lórí ayùn yìí. Alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé igi wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń kán tótó, ó fẹ́ kí wọ́n là á kíákíá. Bàbá ní ilẹ̀ tútù, iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́, kó fi igi sílẹ̀ di ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Alàgbà ní òjò wo nìyí, ìrì lásán. Bàbá ní ìrì náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ iná. Alàgbà gbé igi rẹ̀, ó lọ, kò sì kí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà pípẹ́. Màmá ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá kọ̀.

"Kó máa bínú," ni wọ́n wí. "Ó sàn kó bínú sí mi ju kó máa sọ̀rọ̀ rere nípa mi níbi ìsìnkú mi."

Alàgbà náà ló sọ̀rọ̀ gùn jù níbi ìsìnkú wọn. Ọ̀rọ̀ òjò yẹn gan-an ló sọ, ó sì jẹ́wọ́ pé Bàbá ló jàre. Nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni mo gbọ́ Bàbá lẹ́nu rẹ̀.

Ìjà òróró ni èmi fẹ́ràn jù. Bí ṣéènì bá ń yí, ó gbọ́dọ̀ máa mu ọ́ìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gbóná, á sì lè já. Ọ́ìlì tán nílé lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ sì wà nílẹ̀. Bàbá yọ́ wọ ilé ìdáná, wọ́n gbé òróró ẹ̀pà Màmá, wọ́n rọ ọ́ fún ayùn. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa títí Màmá fi jáde láti inú yàrá, tí wọ́n ń fimú fa afẹ́fẹ́.

"Ta ló ń dín àkàrà lẹ́yìnkùlé?"

Wọ́n rí ìgò òróró wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi.

"Háà, Bàbá Dàpọ̀! Òróró ọbẹ̀ mi lẹ fún irin mu?"

"Má bínú, Ìyá Dàpọ̀. Irin tí kò bá rí òróró mu, ẹ̀jẹ̀ ló máa béèrè."

Màmá fi ìgò náà sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ti fọ ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀ rí nítorí ayùn yìí. Láti ọjọ́ náà, ìgò òróró kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi se ọbẹ̀, ti Bàbá ni.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ayùn sórí tábìlì kékeré ní fàráńdà, wáyà lọ́rùn wọn, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, fáìlì roboto kan láàárín ìka. Wọ́n á pọ́n eyín ṣéènì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú sí ìta, láìkánjú. Wọ́n á fa ṣéènì wò: bó bá dẹ̀ jù á yọ, bó bá le jù á jó. Wọ́n ní bí obìnrin ṣe ń ró ìró ni, kò gbọdọ̀ fún un pa, kò sì gbọdọ̀ tú lójú títì. Bí a bá wá ń gé igi, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, wọn kì í wo ayùn. Bó bá ń tu èérún tó ṣeé ṣà, ó mú. Bó bá ń tu lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, ó ti kú, kí a dáwọ́ dúró ká pọ́n ọn. Mo rò pé ayùn tó mú ló yẹ ká bẹ̀rù. Bàbá ní rárá, èyí tó kú ni, torí pé agbára ara ẹni ni a ó máa fi tì í, agbára náà á sì gbé ẹni ṣubú lé e.

Bùrọ̀dá Dàpọ̀ kò fẹ́ràn gbogbo èyí. Ìlú mìíràn ni wọ́n ń gbé, kì í ṣe Ìlọrin, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń bá Bàbá jà. Ọ̀sẹ̀ kò ní í kọjá kí wọ́n má pè. Wọ́n á béèrè àlàáfíà, wọ́n á béèrè Màmá, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á dé ibẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá gbé ayùn yẹn kúrò nílé. Èmi ni mo ra ohun tó gé ìka bàbá mi." Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti inú fóònù, ohùn ọkùnrin tí kì í rí oorun sùn dáadáa ni.

"Dàpọ̀," ni Bàbá á wí, "ìwọ lo rà á. Èmi ni mo fi rọ́bà dè é. Fi ẹ̀bi mi sílẹ̀ fún mi."

Ohun kan wà tí Bàbá ń ṣe láràárọ̀ tí n kò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó wọ bàtà, wọ́n á bu omi kún kọ́ọ̀pù dé ẹnu, wọ́n á na ọwọ́ tó mú kọ́ọ̀pù síwájú, wọ́n á dúró. Bí omi kò bá dà, wọ́n á mu ún, iṣẹ́ yá. Bó bá dà, kò síṣẹ́ lónìí. Wọn kì í bá omi jiyàn. Bí ara wọn ò bá dá, bí oorun kò bá tó, bí inú bá ń bí wọn, omi á sọ.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n lọ, ní àárọ̀ kan, Àfáà Sálíù ti wá jókòó. Àwọn ọmọ kéwú tuntun ti wọlé, wàláà kò tó wọn, Bàbá sì ti ṣèlérí. Wọ́n bu omi, wọ́n na ọwọ́. Omi dà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bu òmíràn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n nà án. Ó dà. Wọ́n fi ọwọ́ kejì gbìyànjú. Ó dà. Àfáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibòmíràn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, ìnṣáálláhù," ni Àfáà wí jẹ́jẹ́.

Bàbá dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gbé ayùn náà, torí agbára ṣì wà lára wọn, kò sì sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ nínú wa láti dá wọn dúró. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n rọra nu ún pẹ̀lú ẹ̀wù wọn, wọ́n wá fi í bọ̀ mí lójú. Ó tóbi jù mí. Wọ́n fa okùn rẹ̀ le lẹ́yìn orí mi.

"Mo ti gba pẹ́ńṣàn tipẹ́," ni wọ́n wí fún Àfáà. "Òní ni ọwọ́ mi gba tirẹ̀. Àwẹ̀ró ló máa gé wàláà yín."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò fọwọ́ kan ayùn mọ́ bí iná bá wà lára rẹ̀. Wọ́n ń jókòó lọ́nà jíjìn, wọ́n ń wo ilẹ̀ tí èérún ń bọ́ sí. Ohun tí mo mọ̀ pé ó ṣòro jù fún wọn láyé nìyẹn, wọ́n sì ṣe é lójú wa gbogbo láì jẹ́ kí a bẹ̀ wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́, àárọ̀ yẹn ni mo máa sọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó ní pálọ̀. Bùrọ̀dá Dàpọ̀ dìde. Wọ́n ní ohun gbogbo nílé Bàbá, ẹ̀gbọ́n àwọn, ìyẹn ìyá mi, lè pín in bó ṣe wù wọ́n, àmọ́ ayùn yẹn ń bá àwọn lọ, àwọn á sì bà á jẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i lò mọ́.

"N kò gbà," ni mo wí.

Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Bùrọ̀dá Dàpọ̀ yíjú sí mi, wọn ò bínú, ìyẹn ló jẹ́ kó le. "Fọlákẹ́, mo ti sin bàbá mi láìní ìka kan. Ṣé kí n wá máa ka ìka tìẹ náà?"

Iṣẹ́ tí mo ní láyé ni wọ́n fẹ́ gbé sínú bùùtù mọ́tò wọn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ fún Àfáà lójú mi, pé èmi ló máa gé wàláà. Síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń sunkún ìka? Màmá ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní ìtì igi ọ̀mọ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, wàláà tuntun tí àwọn ọmọ kéwú Àfáà Sálíù ń retí ni, Bàbá ló sì ṣèlérí rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Kí Àwẹ̀ró là á lọ́la, kí Dàpọ̀ dúró kó wò ó. Bí ọkàn Dàpọ̀ kò bá balẹ̀ tí iṣẹ́ bá parí, kó máa gbé ayùn lọ.

"Mo gbọ́," ni Bùrọ̀dá wí. Wọn ò wò mí.

Ní òwúrọ̀, oòrùn yọ, ilẹ̀ gbẹ, iná wà, ó sì lágbára. Mo bu omi kún kọ́ọ̀pù dé ẹnu, mo nà án lójú wọn. Omi kò dà. Mo mu ún. Mo wọ bàtà Bàbá, mo fa okùn awò le. Mo yẹ ṣéènì wò, mo yẹ òróró wò, mo fọwọ́ tọ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá ó ti bó níbìkan. Mo lé adìyẹ Màmá. Mo ní kí Àfáà, tó ti wá gba wàláà rẹ̀, àti Bùrọ̀dá lọ dúró lẹ́bàá kànga. Lẹ́yìn náà ni mo fi wáyà sára ògiri.

Pákó àkọ́kọ́ jáde gbọọrọ. Mo ń wo ilẹ̀, èérún ló ń bọ́. Mo dé àárín ìkejì, iná lọ.

Mo tú ìka mi sílẹ̀. Mo gbé ayùn lé orí ìtì igi, mo rìn lọ sídìí ògiri, mo fa wáyà yọ, mo gbé e kọ́rùn. N kò ro ó. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Àfáà ti wá gbé pákó àkọ́kọ́ lọ sí ẹ̀bá kànga, ó ń pè mí kí n wá wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú òun, mo sì lọ bá a, wáyà náà ń wọ́ tẹ̀lé mi.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bùrọ̀dá Dàpọ̀ ti wà nídìí ìtì igi. Iṣẹ́ ti dúró lójú tiwọn, wọ́n fẹ́ gbé ayùn kúrò níbẹ̀ kó má bàa ṣubú. Wọ́n rí èèpo igi tó há sínú ṣéènì. Ọwọ́ ọ̀tún wọn di ìdí ayùn mú, ìka wọn sì bọ́ gẹ́lẹ́ sí ibi tí à ń tẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìka gbogbo èèyàn ń bọ́ sí. Wọ́n fún un pọ̀ kó lè dúró. Ọwọ́ òsì wọn wọ àárín eyín ṣéènì, wọ́n ń fa èèpo náà. Mo la ẹnu láti pè wọ́n.

Gbogbo àdúgbò hó. "Iná ti dé o!"

Rédíò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní ilé kejì. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Ayùn ṣì dákẹ́ lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Dàpọ̀.

Wọn ò mira. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ṣì ń tẹ ìdí ayùn. Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn. Wọ́n rọra yọ ìka wọn kúrò láàárín eyín náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn wá tọ wáyà láti ìdí ayùn, ó gba orí ìtì igi, ó gba ilẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Bàbá tó wà lẹ́sẹ̀ mi, títí ó fi dé ọrùn mi.

"Bó ṣe ṣe é nìyẹn," ni Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Dàpọ̀, bó ṣe ṣe bàbá rẹ gan-an nìyẹn."

Bùrọ̀dá jókòó sórí ìtì igi ọ̀mọ̀ náà, wọ́n sì sunkún bí wọn ò ṣe sunkún níbi ìsìnkú. Èmi náà sunkún nínú awò Bàbá, n kò ríran mọ́. Àfáà ń tún "Sùbùhánálláhì" wí. Nígbà tó yá, Bùrọ̀dá nu ojú, wọ́n dìde, wọ́n wá dúró níwájú mi.

"Mo kàwé," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn yọ ọ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ ọ́n, Fọlákẹ́."

Mo yọ wáyà lọ́rùn mi, mo gbé e kọ́ tiwọn.

"Orí yín ti mọ̀ ọ́n, Bùrọ̀dá," ni mo wí. "Ọwọ́ yín la máa kọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ògiri."